Ajá mẹ́ta nínú ilé kan: èwo ló yẹ kó sáré, èwo ló yẹ kó rìn?

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ní Abuja ni à ń gbé, ajá mẹ́ta ló sì wà nílé wa. Simba jẹ́ Alsatian, ọmọ oṣù 8. Bingo jẹ́ ekuke, ajá ìbílẹ̀ wa, ó ti tó ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀kẹta ni Lhasa kékeré tí ọmọbìnrin mi rà, ó ti pé ọdún mẹ́fà, ó sì ti sanra díẹ̀. Ọmọkùnrin mi ń múra láti wọ iṣẹ́ sójà, àràárọ̀ ló ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńlá, ó sì máa ń kó àwọn ajá náà dání. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Simba máa ń tiro bí wọ́n bá ti dé, á wá sùn sórí táìlì kíṣìnì títí di ọ̀sán. Lhasa kì í bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ, gbígbé ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Bingo nìkan ni nǹkan kan ò ṣe. Aládùúgbò wa kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe Simba, pé kí a so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kó máa sáré tẹ̀ lé e, kí a sì máa fi ṣéènì dè é lọ́sàn-án kó lè gbóná fún ìṣọ́. Ẹlòmíì ní ajá tó ń dàgbà kò gbọdọ̀ sáré rárá. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Báwo ni eré ìdárayá ajá kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ kó pọ̀ tó?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, màmá. Ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn yé mi: ẹ ò fẹ́ kí ajá yín ya ọ̀lẹ, ẹ ò sì fẹ́ fi eré ṣe é léṣe. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà yín, ti ẹsẹ̀ Simba, ti ìwọ̀n eré tó yẹ ajá kọ̀ọ̀kan, àti ti ìmọ̀ràn àwọn aládùúgbò. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé rárá, mo bẹ̀ yín, láti òní lọ, kí Simba má bá ẹnikẹ́ni sáré mọ́ títí dókítà ẹranko yóò fi fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn. Ajá tó ń tiro lẹ́yìn gbogbo eré kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹsẹ̀ ń dùn ún ni. Ajá kì í sábà ké nítorí ìrora egungun. Ohun tí ẹ máa rí ni pé á máa sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á máa wá ilẹ̀ tútù dùbúlẹ̀ sí, á máa ṣòro fún un láti dìde, kò sì ní fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ti rí méjì nínú wọn, ẹ kàn jẹ́ kí ẹlòmíì fún un ní orúkọ mìíràn ni.

Ibi tí wàhálà yìí ti wá ni pé ètò eré ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ di sójà ni wọ́n gbé ka ajá mẹ́ta lórí, ajá mẹ́ta tí kò sì sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. N kò dá ọmọ yín lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé ajá wá sọ́dọ̀ mi ló rò pé eré tó bá tẹ́ àwọn lára ló tẹ́ ajá náà lára, tàbí pé bí ajá bá ṣe tóbi tó ni eré rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ọjọ́ orí ajá la kọ́kọ́ ń wò, ká wá wo iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tọ́ irú rẹ̀ jáde, ká wo bó ṣe ń mí, ká wo bí ara rẹ̀ ṣe rí lónìí yìí, ká sì wo ojú ọjọ́. Títóbi wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló ṣíwájú. Ajá kékeré bíi Jack Russell, tí wọ́n tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún lílé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde nínú ihò, lè fi gbogbo ọjọ́ sáré kó tún máa wá òmíràn, nígbà tí Great Dane tó ga tó ìbàdí èèyàn á ti lọ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru, torí òun ló ń pa ajá kíákíá jù lọ ní apá àríwá yìí. Bí èèyàn bá ń sáré, gbogbo ara rẹ̀ ló ń làágùn, òógùn yẹn ló sì ń tu ara lára. Ajá kò ní irú rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn, díẹ̀ báyìí náà ni. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ló fi ń lé ooru jáde, bí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú bá sì gbóná, tàbí tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn òjò, mímí yẹn kò ní lè ṣe tó mọ́. Ara ajá tó ń sinmi sábà máa ń wà láàrin digirì 38 sí 39. Bó bá ti kọjá 41, ọpọlọ, kídìnrín àti ìfun rẹ̀ ti wà nínú ewu. Èyí tó tún mú un le ni pé ajá kì í fi ẹni tó fẹ́ràn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọmọ yín á máa sáré níwájú, Simba á máa tẹ̀ lé e, kò ní bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀ fún un.

Ní oṣù Kẹta, ooru ọ̀sán ní Abuja máa ń tó digirì 37. Ní Sokoto àti Maiduguri, ó máa ń kọjá 40 ní oṣù Kẹrin. Àwọn tó wà ní Jos nìkan ló lè sọ pé oòrùn ṣàánú àwọn díẹ̀, torí orí òkè ni wọ́n wà. Nítorí náà, àkókò tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn wa ní Kubwa, Gwarinpa àti Lugbe ni agogo 6 sí agogo 7 àárọ̀, àti lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ti ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀tàn tirẹ̀: afẹ́fẹ́ lè ti tutù, kí ọ̀dà títì ṣì gbóná. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ọ̀dà náà kí ẹ ka ení, èjì, dé orí eéje. Bí ẹ ò bá lè fi ọwọ́ síbẹ̀ títí, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá yín ò gbọdọ̀ kàn án, orí koríko tàbí ilẹ̀ eléruku ni kó gbà. Ti òwúrọ̀ náà ní ohun kan tí mo fẹ́ ká fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ló ń lọ kírun àsùbáà kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì ti ṣe àlùwàlá. Púpọ̀ nínú wọn ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti mọ́sálásí dé kí ẹ tó mú ajá jáde, kí okùn sì wà lọ́rùn gbogbo wọn. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì tún ń dín ìjà ẹnu géètì kù.

Lásìkò ọyẹ́, òwúrọ̀ tutù, ajá á sì fẹ́ sáré. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ní ọjọ́ tí eruku bá pọ̀ débi pé ẹ ò rí òpin àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kí ìrìn náà kúrú. Ọyẹ́ tún máa ń la àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Ẹ máa fi òrí pa á lálẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dúró tì í díẹ̀ kó má bàa lá a kúrò.

Ó wá kan Simba. Egungun ajá ńlá tó jẹ́ ọmọ oṣù 8 kò tíì dàgbà tán. Ní ìkángun egungun kọ̀ọ̀kan ni ibi rírọ̀ kan wà tí egungun ti ń gùn, ibẹ̀ dà bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú mọ́ọ̀dù, ó ti ní ìrísí búlọ́ọ̀kù, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í gbé ilé lé e. Lára àwọn ajá kéékèèké, ibẹ̀ máa ń le kó tó pé ọdún kan. Ní ti Alsatian, Rottweiler tàbí Boerboel, ó lè di oṣù 15 sí 18, nígbà mìíràn kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara Simba lóde ti dà bíi ti àgbà ajá, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni egungun tó gbé e. Eré gígùn lórí ọ̀dà, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀ líle lọ́nà kan náà fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, ni irú egungun bẹ́ẹ̀ kò fẹ́.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wá sí mi lọ́kàn bí Alsatian ọmọdé bá ń tiro láìjẹ́ pé ó gún ìṣó tàbí ìgò. Èkíní ni àrùn egungun kan tó máa ń mú àwọn ajá ńlá tó ń dàgbà, láti bí oṣù 5 sí 18, Alsatian ló sì máa ń mú jù. Àmì rẹ̀ ni pé ìtiro náà máa ń ṣí kiri: lónìí ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ni, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ni. Ó máa ń dùn wọ́n gan-an, àmọ́ ó ń lọ fúnra rẹ̀ bí àkókò bá tó. Èkejì ni oríkèé ìbàdí tí kò bára mu, èyí tí ajá ń jogún lára òbí rẹ̀, tí oúnjẹ àti eré wá ń mú burú sí i. Ajá bẹ́ẹ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro bó bá ń sáré. Ẹ̀kẹta ni ti igbúnwọ́ iwájú, òun náà ń wá láti ìdílé. Ẹ kò sọ ẹsẹ̀ tó ń tiro fún mi, ẹ kò sì sọ bóyá ó ń ṣí kiri. Ká tiẹ̀ ní ẹ sọ ọ́, n kò lè wo inú lẹ́tà kí n mọ èyí tó jẹ́. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, fótò egungun ló sì ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ náà. Bí kò bá sí nítòsí yín, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko.

Kí ẹ tó débẹ̀, nǹkan méjì ni kí ẹ má ṣe. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tiwa. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà ní kẹ́míìsì lè dá egbò sí ikùn ajá kó sì ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́, paracetamol náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá wọ̀n fún ajá. Èkejì, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí ẹ máa fún un ní kálísíọ̀mù kí egungun rẹ̀ lè le, ẹ dá a dúró bí ẹ bá ń fún un ní oúnjẹ ajá tó péye. Ọmọ ajá ńlá kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ kálísíọ̀mù tó bá pọ̀jù bí àgbà ajá ṣe ń ṣe. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń wọ ara rẹ̀, ó sì ń sọ egungun tó yẹ kó gún di wíwọ́. Bó bá jẹ́ pé ìrẹsì tàbí ẹ̀bà pẹ̀lú ẹran lásán ló ń jẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, torí ìyẹn lè má ní kálísíọ̀mù tó. Dókítà ló yẹ kó bá yín wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wo ilẹ̀ ilé yín. Táìlì tó ń dán yìí, tó wà ní gbogbo ilé Abuja, ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ ajá máa yọ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì nígbàkúùgbà tó bá dìde. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù síbi tó máa ń gbà kọjá àti ibi tó ń sùn.

Aládùúgbò yín tó ní ajá tó ń dàgbà kò gbọdọ̀ sáré rárá ti sún mọ́ òótọ́, àmọ́ ó kọjá ibẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 láti Nọ́wè tẹ̀ lé àwọn ọmọ ajá irú ńlá láti kékeré. Àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta ni àìsàn ìbàdí pọ̀ sí lára, àwọn tí wọ́n sì tú sílẹ̀ láti máa ṣeré lórí ilẹ̀ rírọ̀ lọ́jọ́ orí yẹn ni ó kéré sí lára. Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ kò le: eré kọ́ ni ọ̀tá, irú eré ni. Ọmọ ajá tí wọ́n tì mọ́ inú àgò títí ó fi pé ọdún kan kì í ní iṣan tó lè di oríkèé rẹ̀ mú. Ó tún máa ń jáde síta pẹ̀lú ìbẹ̀rù gbogbo nǹkan, ìbẹ̀rù yẹn ló sì ń di ìbunijẹ.

Òfin kan wà tí àwọn olùtọ́jú ajá máa ń lò, pé ìṣẹ́jú márùn-ún ìrìn fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ajá ti lò láyé, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Kò sí ìwádìí tó gbè é lẹ́yìn dáadáa, ìyẹn ni mo ṣe ń lò ó bí àfojúdá, n kì í lò ó bí òfin. Fún ajá oṣù 8 tí ẹsẹ̀ ò dùn, ó máa jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Fún Simba báyìí, títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń ṣe é, ìṣẹ́jú 10 lórí koríko, pẹ̀lú okùn, láàárọ̀ àti lálẹ́, ti tó. Bí dókítà bá sọ pé kò sí ewu, ẹ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo bó ṣe dìde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ń sọ òótọ́, torí lásìkò eré gan-an ayọ̀ á ti bo ìrora mọ́lẹ̀. Eré gígùn pẹ̀lú ọmọ yín di ìgbà tó bá pé ọdún kan ààbọ̀, ó kéré tán.

Mo mọ̀ pé ẹ óò béèrè pé kí ló máa wá fi agbára tó wà lára rẹ̀ ṣe. Jámánì ni wọ́n ti tọ́ Alsatian jáde, 1899 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó irú rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa da àgùntàn. Darandaran kì í sá eré tààrà fún kìlómítà mẹ́jọ. Á rìn, á dúró, á wo ojú olówó rẹ̀, á ronú. Ọpọlọ rẹ̀ ń fẹ́ iṣẹ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹ fi ìdajì oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ káàkiri àgbàlá kó máa fi imú wá a. Ẹ kọ́ ọ láti jókòó, láti dúró, láti wá bí ẹ bá pè é, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo ti rí Alsatian tó ń ba ìjókòó ilé jẹ́ tó rọlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi eré kankan kún un, iṣẹ́ imú nìkan ni. Bó bá dàgbà tán, tí ara rẹ̀ sì dá, wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lóòjọ́, ní ìpín méjì, ni mo máa ń fẹ́ fún un nínú ooru ibí yìí. Ìwé àwọn òyìnbó lè sọ jù bẹ́ẹ̀, ojú ọjọ́ tiwọn yàtọ̀.

Ní ti ọ̀kadà, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Ọ̀kadà kì í rẹ̀, ẹni tó gùn ún kò sì lè rí ajá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti gbé ajá tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó pátápátá wá bá mi rí, wọ́n sì ti gbé èyí tó ti kú wá. Ṣéènì kì í mú ajá gbóná fún ìṣọ́ bí aládùúgbò yín ṣe rò. Ajá tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lójúmọ́ mọ̀ pé òun ò lè sá fún ohunkóhun, ni ó ṣe máa ń kọ́kọ́ bu ẹni tó bá sún mọ́ ọn jẹ, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ọmọ aládùúgbò tó wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ajá tó dára fún ìṣọ́ ni èyí tó mọ ilé rẹ̀, tó mọ àwọn ará ilé rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ débi tó fi mọ ìyàtọ̀ láàrin àlejò àti ọ̀tá.

Lhasa yín kì í ṣe ọ̀lẹ náà. Ní Tibet ni wọ́n ti ń sin irú rẹ̀ nínú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà, inú ilé ló sì ti ń ṣọ́nà, tó ń gbó bí àjèjì bá wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, imú rẹ̀ kò gùn, irun rẹ̀ pọ̀. Ìṣísẹ̀ kan tí Bingo gbé, òun máa gbé bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó bá a. Ìrìn ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, kó dúró gbóòórùn igi bó bá wù ú, ti tó o. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú ju eré lọ. Ẹ fi ọwọ́ pa ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ egungun ìhà lábẹ́ ọwọ́, ó ti sanra jù. Eré kì í yọ ọ̀rá ajá kékeré bí oúnjẹ ṣe ń yọ ọ́: ẹ wo ẹni tó ń jù ú ní búrẹ́dì, sọ́sééjì àti ẹran láti orí tábìlì, ìyẹn lẹ máa kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ gé irun rẹ̀ kúrú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá ń mí tòun ti ariwo nínú ọ̀fun, tàbí tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí dókítà gbọ́ ọkàn rẹ̀.

Bingo ló kù, òun sì ni gbogbo yín kò bẹ̀rù fún. Òótọ́ ni pé ekuke bá ojú ọjọ́ wa mu ju gbogbo ajá tí wọ́n ń kó wọlé lọ. Irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ fúyẹ́, imú rẹ̀ gùn, irú rẹ̀ ló sì ń bá àwọn ọdẹ lọ sóko láti ayébáyé. Bí ara rẹ̀ bá dá, òun ló lè bá ọmọ yín sáré. Àmọ́ ajá tí kò sanra kì í ṣe ajá tí ara rẹ̀ le dandan. Eégbọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá lára ekuke, nínú etí, lábẹ́ apá, láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀. Eégbọn ń gbé kòkòrò kan wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá, kòkòrò náà á sì máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Ajá tó ní i lè máa rìn kiri nínú ilé bí ẹni pé kò sí nǹkan, kó wá ṣubú ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi eré gígùn dán an wò. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè: èrìgì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá funfun tàbí tó yí sí òféfèé, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣú, ilé ìwòsàn yá. Ẹ máa fún un ní oògùn eégbọn àti ti aràn déédéé. Kí ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́dọọdún, torí ajá tó ń jáde á pàdé ajá tí kò ní olówó. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ àgbáyé fún ìgbógunti dìgbòlugi, ó sì tọ́ kí ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹranko àdúgbò yín bóyá wọ́n ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò náà.

Àwọn òǹkàwé mìíràn máa ń béèrè nípa àwọn ajá tí kò sí nílé yín, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu bà á. Rottweiler, tí wọ́n ń lò láti da màlúù àti láti fa kẹ̀kẹ́ ẹran ní ìlú Rottweil ní Jámánì, nífẹ̀ẹ́ ìrìn gígùn ju eré lọ, àwọ̀ dúdú rẹ̀ sì tètè ń gbóná nínú oòrùn. Boerboel tó ti oko àwọn ará South Africa wá wúwo, ẹ jẹ́ kó máa rìn, kó má máa fò láti orí ọkọ̀ sílẹ̀. Caucasian ló ń ṣe mí láàánú jù. Orí òkè tí yìnyín ń bò ni wọ́n ti tọ́ ọ kó máa ṣọ́ àgùntàn, irun rẹ̀ sì jẹ́ ìpele méjì. Kó rìn díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kó sì ní òjìji, omi àti fáànù lọ́sàn-án. Ẹ má fá irun rẹ̀ dé awọ, ẹ máa yà á ni. Àwọn tí imú wọn pẹlẹbẹ, bíi Bulldog, kò gbọdọ̀ sáré nínú ooru rárá. Ajá tí àyà rẹ̀ jìn, Alsatian, Great Dane àti irú wọn, kò yẹ kó sáré láàrin wákàtí méjì tó bá jẹun yó tán, torí inú wọn lè wú kó sì lọ́ pọ̀, ikú wákàtí díẹ̀ sì nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré ti pọ̀ jù fún ajá èyíkéyìí, èémí rẹ̀ ni kí ẹ máa kà. Ajá tó ń sùn, tí ara rẹ̀ dá, kì í sábà mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn eré, mímí hẹlẹhẹlẹ yẹ kó rọlẹ̀ láàrin bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ òjìji. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, eré ọjọ́ yẹn pọ̀ jù, ẹ dín ti ọ̀la kù. Bí ahọ́n bá fẹ̀ tó sì pọ́n kọjá ààlà, tí itọ́ ń yọ́ wálẹ̀, tí ajá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó ń bì, ooru ti mú un nìyẹn. Ẹ gbé e sí òjìji kí ẹ máa da omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹ́ẹ̀kẹ́, kí fáànù tàbí abẹ̀bẹ̀ sì máa fẹ́ ẹ. Ẹ ṣọ́ra fún omi táǹkì tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, ó lè gbóná, ẹ jẹ́ kó ṣàn síta ná tàbí kí ẹ lo omi inú ilé. Ẹ má fi ipá ro omi sí i lẹ́nu. Kí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀, kí AC sì wà ní títàn títí dé ọ̀dọ̀ dókítà, kódà bó bá ti dìde, torí ìpalára kídìnrín lè fara hàn ní ọjọ́ kejì.

Ohun tí màá ṣe bí ilé yín bá jẹ́ tèmi nìyí. Ọmọkùnrin yín á máa sá eré tirẹ̀ lóun nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí Bingo kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dára, á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un dání, kìlómítà méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lórí ọ̀nà eléruku inú àdúgbò. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá kì í ṣe ibi ajá rárá, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń sáré bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin yín ló ni Lhasa, òun ni kó máa mú un rìn nírọ̀lẹ́, kó sì máa dá àwọn tó ń jù ú ní oúnjẹ lẹ́kun. Ẹ̀yin fúnra yín, màmá, ẹ gba okùn Simba ní òwúrọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Ẹ máa kọ ẹsẹ̀ tó ń tiro sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ àti bó ṣe ń rìn bọ̀, torí ọ̀pọ̀ ajá kì í tiro mọ́ bí wọ́n bá ti rí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìwé yẹn àti fídíò náà lọ fún dókítà láàrin ọ̀sẹ̀ yìí. Bí fótò egungun bá ti jáde, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí n lè sọ bí eré Simba yóò ṣe rí láti ibẹ̀ lọ.